Káàdì àwìn àti gbèsè kéékèèké kí a tó kọ̀wé fún owó ilé àkọ́kọ́

Arábìnrin, mo ti ka ìbéèrè yín. Ẹ ní olùkọ́ ni yín ní Òṣogbo níbí, wọ́n ti ń yọ owó NHF, ìyẹn àkójọ owó ilé ti ìjọba àpapọ̀, nínú owó oṣù yín, ẹ sì fẹ́ kọ̀wé fún owó tí ẹ máa fi ra ilé àkọ́kọ́ yín. Ṣùgbọ́n káàdì àwìn kan wà lọ́wọ́ yín, ẹ ń san owó tí ẹ yá ní alájẹṣẹ́kù, ẹ sì tún jẹ ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó ń yáni lówó ní gbèsè díẹ̀. Ẹ wá bèèrè bóyá kí ẹ ti káàdì náà pa kí ẹ tó kọ̀wé. Èmi ò ní kí ẹ tì í pa báyìí. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni kí ẹ mọ ohun tí àkọsílẹ̀ gbèsè, ìyẹn ìwé tó ń fi owó tí ènìyàn yá àti bó ṣe san án hàn, ń sọ nípa yín, nítorí ohun tí ènìyàn ti san àti ohun tó wà nínú ìwé lè yàtọ̀ síra.

Mo yá owó ní báńkì kan ní àkókò tí owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ kì í pé, mo sì san án tán kí ọjọ́ tí a jọ fi àdéhùn sí tó kò. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo gbé ìwé mi lọ sí báńkì tó ń yáni lówó ilé. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn tẹ àkọsílẹ̀ gbèsè mi jáde, ó sì fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibì kan. Iye tí mo yá wà níbẹ̀, ọjọ́ tí mo yá a wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí pé gbèsè náà ti parí, ohun tí wọ́n kọ ni pé ó ṣì wà nílẹ̀ àti pé ó ti pẹ́ tí mo ti san kọ́bọ̀ kẹ́yìn. Nígbà tí mo wo ọjọ́ tí báńkì náà fi ìròyìn mi ránṣẹ́ gbẹ̀yìn, mo rí i pé ó ṣáájú ọjọ́ tí mo san owó tó kù tán. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi gbẹ, ṣùgbọ́n ayánilówó kì í fi àlàyé ẹnu ṣiṣẹ́.

Mo padà sí báńkì tó yá mi lówó, wọ́n ní kí n máa lọ, pé àwọn ti yanjú rẹ̀. Lóòótọ́ ni wọ́n tún un ṣe ní ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ gbèsè kan, ṣùgbọ́n wọn kò dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti fà gùn, nítorí àṣẹ CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ni pé kí báńkì wo àkọsílẹ̀ oníbàárà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ méjì, ó kéré tán, kó tó yá a lówó. Kí gbogbo rẹ̀ tó tò, ẹni tó fẹ́ ta ilé fún mi ní Ògo-Olúwa ti gba owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò bá a jà o. Ta ló fẹ́ máa dúró de ìwé tí kò mọ ọjọ́ tí yóò dé?

Nítorí náà, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ àkọsílẹ̀ gbèsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, CRC, FirstCentral àti CreditRegistry, kí ẹ má fi ọ̀kan ṣe. BVN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí báńkì fún yín, ni wọ́n fi ń dá yín mọ̀. Òfin àkọsílẹ̀ gbèsè ti ọdún 2017 fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti gba tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Gbèsè tí ẹ bá ti san tán tó ṣì hàn níbẹ̀, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó yá yín lówó pé ẹ kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́, kí nọ́ńbà àkáǹtì àti ọjọ́ tí ẹ san án tán wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí i. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀ kò yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ohun kejì ni ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀ síbí yìí. Èlé owó NHF jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, èyí tó fi dínkù gan-an sí ti báńkì gbogbogbòò. Níbi tí mo ti gba tèmi, wọn kì í jẹ́ kí gbèsè tí ènìyàn ń san lóṣù, pẹ̀lú ti ilé, kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù rẹ̀. Ká ní 240,000 náírà ni owó oṣù yín, 80,000 ni ìdá kan nínú mẹ́ta. Bí alájẹṣẹ́kù bá ń yọ 30,000, tí káàdì ń gba 15,000, tí áàpù sì ń gba 10,000, 25,000 péré ló kù fún ilé. Mílíọ̀nù kan náírà tí a fẹ́ fi ogún ọdún san ní èlé yẹn máa ń gba nǹkan bíi 7,164 náírà lóṣù. Ẹni tí 80,000 rẹ̀ ṣófo lè yá nǹkan bíi mílíọ̀nù mọ́kànlá; ẹni tí 25,000 péré kù fún kò lè yá ju mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ. Gbèsè tí a ń pè ní kékeré ló gé ilé oníyàrá mẹ́ta kù sí ilẹ̀ lásán. Ẹ má sì rò pé ti alájẹṣẹ́kù kò ní hàn nítorí pé kì í ṣe báńkì. Ó wà nínú ìwé owó oṣù yín.

Ní ti káàdì, ẹ san gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, kì í ṣe iye tó kéré jù tí wọ́n ní kí ẹ san, nítorí orí ìyókù ni èlé ń gùn. Ẹ sì san án kí ọjọ́ tí báńkì máa ń pa ìṣirò oṣù dé tó kò, ẹ má dúró de ọjọ́ ìkẹyìn tí wọ́n fún yín. Iye tó bá wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ ìṣirò ló sábà máa ń wọ inú àkọsílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò pẹ́ san rí fi lè dà bí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Mo ní kí ẹ má tì í pa nítorí pé sísan déédéé fún ọdún púpọ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí ayánilówó fẹ́ rí, àti pé títì í pa nígbà tí ìwé yín wà lórí tábìlì wọn máa ń bí ìbéèrè tuntun. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ kò lè rí i nínú àpò kí ẹ má ná an, ìyẹn yàtọ̀. Ẹ tì í pa nísinsìnyí, kí ẹ sì gba lẹ́tà tirẹ̀ náà.

Áàpù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ẹ má sì béèrè owó lọ́wọ́ òmíràn, kódà bí wọn kò bá yá yín, nítorí pé ìbéèrè náà ń fi ipa sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Ẹ tún rántí pé láti ọdún 2020 ni ètò GSI ti fún báńkì tí ẹ jẹ ní gbèsè, tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ní ọ̀nà láti yọ owó náà nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn tí BVN yín wà lórí rẹ̀. Owó tí ẹ ń kó jọ fún ilé kò sá pamọ́ fún un.

Lẹ́yìn tí ẹ bá san áàpù tán, ẹ fi oṣù méjì sílẹ̀ kí ìròyìn tuntun lè dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì tún àkọsílẹ̀ yín gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa sanwó fún ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí àkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bára mu, ẹ lọ gba fọ́ọ̀mù owó ilé.