Ẹ má tíì ra káàdì tuntun, ẹ wo kébù yín ná

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní 1000 (ìyára rẹ̀ nìyẹn, megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni wọ́n kọ sára páálí káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín, ẹ wá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣe gan-an lórí Linux torí fáìlì ń wọ́ bí ìgbín. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí lówó.

Ẹ tẹ ip link nínú terminal (ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Linux) kẹ́ ẹ lè mọ orúkọ káàdì yẹn. Eth0 tí wọ́n máa ń kọ káàkiri yẹn, ẹ lè má rí i mọ́ o, tèmi ń jẹ́ enp3s0, mo ti rí eno1 náà, èyí tó bá fi wl bẹ̀rẹ̀, Wi-Fi nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti rí orúkọ, ó ku:

sudo ethtool enp3s0

Ọ̀rọ̀ rẹpẹtẹ ló máa tú síta, Speed (ìyára), Duplex (Full ni pé ó ń ránṣẹ́ ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, half ni pé ó ń ṣe é níkọ̀ọ̀kan) àti Link detected (bóyá kébù so pọ̀) nísàlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Tó bá jẹ́ 1000Mb/s àti Full, ara káàdì le, ẹ lọ wá ẹlẹ́bi síbòmíì. Tí Speed bá ní Unknown!, tí Link detected sì jẹ́ no, kébù ò wọlé dáadáa àbí suwíìṣì (àpótí tí kébù gbogbo kọ̀ǹpútà ń wọ̀) ò níná. Bí ethtool ò bá sí lórí ẹ̀rọ yẹn, tí ò sì sí dátà tẹ́ ẹ máa fi gbé e wọlé, cat /sys/class/net/enp3s0/speed máa ju nọ́ńbà kan ṣoṣo sílẹ̀ fún yín, ó parí.

Tèmi wá, ọ́fíìsì kan n'Íbàdàn ni mò ń bá tọ́jú kọ̀ǹpútà, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń da backup bíi 200GB láti orí kọ̀ǹpútà kan sórí èkejì, ọ́fíìsì kan náà ni méjèèjì wà o, kò kan íntánẹ́ẹ̀tì rárá, ó wá ń lọ ní 11MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò kọjá 12 láyé, ó ń gbà mí tó wákàtí márùn-ún, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo, ọ̀gá ń wò mí. Mo bú háàdì dísìkì. Mo bú Linux. Mo wọ mọ́tò lọ sí Computer Village n'Íkẹjà lọ ra káàdì tuntun, mo padà dé, mo fi sí i, 11MB!

Ìgbà yẹn ni mo tó fara balẹ̀ tẹ ethtool. Speed: 100Mb/s. Bit nìyẹn o, bit mẹ́jọ ló wà nínú byte kan, ẹ pín in sí mẹ́jọ, kò ju 12.5MB lọ, ojú ọ̀nà sì máa ń jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ lábẹ́ Link partner advertised link modes, suwíìṣì ń pariwo pé òun lè ṣe 1000baseT/Full, káàdì náà ní òun lè ṣe é. Kí ló wá wà láàárín wọn bí ò ṣe kébù? Mo tẹ sudo dmesg, kernel (ọkàn Linux gan-an) ti kọ ọ́ síbẹ̀ tipẹ́, "Downshift occurred", pé ìyára ti já wálẹ̀, ó tiẹ̀ fi "check cabling!" sí i (kì í ṣe gbogbo káàdì ló máa ń sọ ọ́ ṣá).

Mo yọ orí kébù, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án. Rọ́bà orí yẹn mọ́ gaara, èèyàn lè ka waya inú ẹ̀. Mẹ́rin ni mo kà, aláwọ̀ ọsàn méjì, gíríìnì méjì. Búlúù àti búráùn ò sí. Mo tú ibi tó ti wọ ara ògiri, àṣé ẹni tó bá wọn fa waya ti ya kébù kan sí méjì, mẹ́rin fún kọ̀ǹpútà, ó gbé mẹ́rin tó kù lọ sídìí printer! 100 ò lò ju waya mẹ́rin lọ, ìdí nìyẹn tí gbogbo nǹkan fi ń ṣiṣẹ́ tẹ́nikẹ́ni ò fura, 1000 ló fẹ́ kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé. Mo fa kébù ọ̀tọ̀ fún printer, mo tún orí tẹ̀, ethtool ní 1000Mb/s, backup di nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹnì kan máa ní kẹ́ ẹ pa autoneg (bí káàdì àti suwíìṣì ṣe ń fúnra wọn fohùn ṣọ̀kan lórí ìyára) kẹ́ ẹ fi ethtool -s fipá gbé e sókè. Ẹ má gbà. Mo ṣe é rí lórí 100, suwíìṣì bọ́ sí half, káàdì wà ní full, gbogbo ẹ̀ dàrú, 1000 orí wáyà bàbà gan-an ò lè ṣe láìsí autoneg.

Ẹ fi ohun tí ethtool bá tú jáde ránṣẹ́ ká wò ó. Káàdì tí mo rà n'Íkẹjà, mo ti yọ ọ́, ó wà nínú páálí ẹ̀ nílé, ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó wá rà á.