Ṣé oǹdè ni rósárì ọrùn?

Ẹnì kan béèrè pé: rósárì ọrùn òun já nínú mọ́tò, màmá òun sì ní ibi tó yẹ kó bá òun ló gbà lọ, kí òun ra òmíràn kí òun tó tún jáde nílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ẹ̀sìn Kátólíìkì?

Rárá o. Ó gbó ló ṣe já. Òógùn ọrùn a máa jẹ okùn. Ẹ tún un sín. Bí kò bá ṣeé tún sín mọ́, tí Fádà sì ti súre sí i, ẹ sun ún tàbí kí ẹ gbẹ́lẹ̀ sin ín, ẹ má jù ú sórí ààtàn.

Ọ̀rọ̀ màmá yín kò yà mí lẹ́nu ṣá. Ohun tí a bá so mọ́ra nílẹ̀ wa, a máa ń retí kó dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó so oǹdè mọ́dìí gbà pé bí òun tilẹ̀ sùn, oǹdè kò sùn. Kátíkísìmù Ìjọ, ìyẹn ìwé ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kátólíìkì, ní ìpínrọ̀ 2111, là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó bá gbà pé ìṣe òde nìkan ló ń mú àdúrà tàbí àmì mímọ́ ṣiṣẹ́, láìka ohun tó wà lọ́kàn sí, ti bọ́ sínú ìgbàgbọ́ asán. Póòpù John Paul Kejì náà kìlọ̀ nínú lẹ́tà tó kọ nípa rósárì ní 2002: bí a kò bá máa ro ìgbé ayé Jésù bí a ti ń kà á, ìlẹ̀kẹ̀ náà lè di oògùn lójú wa.

Ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí ọjọ́ Ẹtì, tí à ń ro ìyà Jésù. Bí ẹ ti ń ka “Mo kí ọ Maria” mẹ́wàá àkọ́kọ́, inú ọgbà Gẹtisémánì ló yẹ kí ọkàn yín wà. Ìdààmú bá Jésù, ó sì sọ ohun tó fẹ́ gan-an: kí Baba gba ago ìyà náà kúrò lórí òun. Ó wá fi kún un pé ìfẹ́ Baba ni kó ṣẹ, kì í ṣe tòun. Nítorí náà, ẹni tó ń fi rósárì tọrọ ọmọ, iṣẹ́ tàbí ààbò ojú ọ̀nà kò ṣẹ̀ rárá, inú mi kì í sì í dùn sí àwọn tó ń fi irú àdúrà bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni ká sọ ọ́ di káràkátà: mo ti ka “Mo kí ọ Maria” àádọ́ta pé, ó yá, ẹ san tèmi. Ago yẹn kò kúrò lórí Jésù.

Ti nófẹ́nà, àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló tilẹ̀ burú jù: “Kì í kùnà! Fi ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́sàn-án kí ilẹ̀ tó ṣú, má ṣe dá a dúró o.” Nófẹ́nà ń rán wa létí àwọn àpọ́sítélì àti Màríà, tí wọ́n jọ ń gbàdúrà ní yàrá òkè títí Ẹ̀mí Mímọ́ fi bà lé wọn. Kò sẹ́ni tó halẹ̀ mọ́ wọn. Bí irú rẹ̀ bá wọlé sórí fóònù yín, ẹ pa á rẹ́, kò sí nǹkan tí yóò ṣe yín.