Ọmọ mi ń gbé aṣọ pamọ́ sínú báàgì: ìdáhùn sí lẹ́tà ìyá kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Arábìnrin mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ka lẹ́tà yín, mo sì tún un kà. Ẹ ní ọmọbìnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta yín lọ́rẹ, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 16, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 13, ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ẹ̀yin àti bàbá wọn sì ti ń tọ́ wọn. Bí oṣù Keje bá ti ń wọlé, tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ìjà aṣọ a bẹ̀rẹ̀ nínú ilé yín. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ máa wọ ṣòkòtò péńpé tí kò dé ìdajì itan àti búláòsì tó dá ìdodo sí ìta. Ẹ ra kàbà gígùn fún un, ó ní ti màmá àgbà ni. Ohun tó wá mú yín kọ̀wé ni pé ẹ rí báàgì rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn, tí gbogbo aṣọ tí ẹ ti kọ̀ fún un wà nínú rẹ̀: kàbà ni ó ń wọ̀ kọjá níwájú yín, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ti ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ ní àbúrò kò ní wàhálà kankan ní tirẹ̀, nítorí húùdì dúdú, aṣọ òtútù tó ní ìbòrí, ni ó ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ wá ń béèrè ibi tí ẹ ti lè rí aṣọ tí yóò bo àṣírí ara, tí kò ní sè wọ́n nínú ooru, tí ojú kò sì ní tì wọ́n bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ dé àárín ẹgbẹ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ báàgì. Ọmọ tí kò ka òbí rẹ̀ sí kò ní fi pààrọ̀ aṣọ dá ara rẹ̀ lágara. Ojú yín kòrókòró ni ì bá ti wọ̀ ọ́ jáde. Èyí tó ń fi pamọ́ ń bẹ̀rù yín, kò sì fẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́, àmọ́ kò rí bí òun ṣe lè tẹ́ ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ òun lọ́rùn pa pọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi àlùmọ́gàjí gé aṣọ náà, ẹ má sì dì í mọ́ ẹrù tó ń lọ sí Nàìjíríà, bí àwọn ìyá kan ti máa ń ṣe. Ẹ dá a padà fún un, ẹ sọ fún un pé ẹ ti rí i, kí ẹ sì ní kí ó jókòó.

Nígbà tí ẹ bá jókòó tán, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ gbé mì, ìyẹn ni pé àwọn ọkùnrin yóò máa wò ó. Mo mọ̀ pé òun ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu, nítorí òun ni wọ́n sọ fún àwa náà. Àmọ́ bí ẹnì kan bá yọ ọmọ náà lẹ́nu nínú bọ́ọ̀sì lọ́la, tí ó sì ti gbọ́ lẹ́nu yín pé aṣọ ni ó ń fà á, ara rẹ̀ ni yóò dá lẹ́bi, kò sì ní wá sọ fún yín. Ẹ sì má sọ pé kò sí irú rẹ̀ láyé tiwa. Àwọn ìyá wa wọ ìró olékù tí kò kọjá orúnkún, wọ́n wọ míní, wọ́n sì ya fọ́tò rẹ̀ dáadáa ní nǹkan bí ọdún 1970. Bí ọmọ yín bá lọ ṣí álíbọ́ọ̀mù màmá yín, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yóò kù sí lẹ́nu.

Ẹ sọ fún un pé ilé yín ní ìlànà tirẹ̀, kí ìlànà náà sì kéré débi tí ọmọ lè rántí rẹ̀ láìwo ìwé. Ní tèmi, ó tó bí itan kò bá hàn nígbà tí ó bá jókòó, tí ikùn bá wà lábẹ́ aṣọ, tí aṣọ náà kò sì jẹ́ èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Bí ìjọ yín tàbí ẹ̀sìn bàbá wọn bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ mọ bí ẹ ó ti fi kún un. Àmọ́ ẹ fi àwọ̀ aṣọ, ìrísí rẹ̀, bàtà àti irun sílẹ̀ fún un pátápátá, kódà nígbà tí èyí tó mú kò bá wù yín. Bí ó bá fẹ́ aṣọ tí kò lápá, ẹ gbà fún un. Èmi kò rí ohun tí apá ọmọ ọdún 16 ṣe fún ẹnikẹ́ni nínú oòrùn oṣù Keje.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí máa ń fi gígùn aṣọ díwọ̀n bó ṣe bójú mu tó, ibẹ̀ ni a sì ti ń ṣìnà. Kàbà tó bo orúnkún ní ìdúró lè sún dé àárín itan bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá jókòó, nígbà tí ṣòkòtò péńpé tó gbòòrò, tó dé orúnkún, kò ní kúrò níbi tó wà. Síkẹ́ẹ̀tì tó wọ́ nílẹ̀ àmọ́ tó lẹ̀ mọ́ ìbàdí ń sọ ju èyí tó mọ ní ojúgun tó sì fẹ̀ lọ. Nítorí náà, nínú yàrá tí wọ́n ti ń gbé aṣọ wọ̀ wò ní ilé ìtajà, ẹ ní kí ó jókòó lórí àga, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, kí ó sì na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó di irin mú nínú bọ́ọ̀sì. Kí òun fúnra rẹ̀ wo dígí. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé aṣọ náà sí ibi tí iná ti mọ́lẹ̀, kí ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀: bí ẹ bá lè ka ìka yín, yóò nílò ṣẹ́míìsì. Ṣẹ́míìsì funfun sì máa ń yọ lábẹ́ aṣọ funfun; èyí tí àwọ̀ rẹ̀ súnmọ́ àwọ̀ ara ọmọ ni kì í hàn, aláwọ̀ ilẹ̀ tó bá ara àwa dúdú mu sì ti wà lọ́jà dáadáa báyìí.

Ní ti ooru, ẹ̀yin náà rántí ọdún 2022. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún náà, ooru dé ìwọ̀n 40.3 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Coningsby, ní agbègbè Lincolnshire, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí wọ́n máa kọ iye tó kọjá 40 sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé yín, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Central line kò sì ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹni tó bá ní kí ọmọ wọ kàbà polyester, ìyẹn aṣọ oníke, alápá gígùn wọ inú ọkọ̀ yẹn ń fi ìyà jẹ ẹ́ ni, ìyà yẹn ni ọmọ yóò sì máa pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹ máa yí inú aṣọ síta, kí ẹ ka ìwé pélébé tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òwú dára, línẹ́ẹ̀nì tún dára jù ú lọ, viscose, tí wọ́n ń fi èròjà igi ṣe, náà tutù lára, ó sì máa ń ṣàn wálẹ̀ dáadáa. Polyester ni kì í jẹ́ kí òógùn rí ọ̀nà jáde. Línẹ́ẹ̀nì máa ń rún, àmọ́ ẹ má fi áyọ́ọ̀nù dá ara yín lóró, rírún rẹ̀ wà lára oge rẹ̀. Aṣọ tó bo ara tó sì gbòòrò lè tu ara lára ju èyí tó kéré tó sì fún mọ́ra lọ, nítorí atẹ́gùn ń rí àárín aṣọ àti ara gbà kọjá. Kò ṣàì nídìí tí àwọn ará Òkè Ọya fi ń wọ agbádá ńlá nínú oòrùn Kánò.

Oríire yín sì ni pé ohun gbòòrò ni àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní oge lásìkò yìí. Sóóró tó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ti di ti àwa ìyá wọn. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ tó gùn dé ilẹ̀, tí òkè rẹ̀ jọ kẹ̀m̀bẹ̀ àwọn bàbá wa, ni àwọn ń wọ̀, pẹ̀lú jíìnsì péńpé tó dé orúnkún àti síkẹ́ẹ̀tì òwú tó mọ ní ojúgun. Ẹ lọ wo apá ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ ọkùnrin: ṣẹ́ẹ̀tì línẹ́ẹ̀nì ọkùnrin tó tóbi jù ú lọ, tí ó ṣí bọ́tìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lórí síńgílẹ́ẹ̀tì, tí ó ká ọwọ́ rẹ̀ dé ìgunpá, yóò bo ìdí fún yín, yóò sì jẹ́ kí òun rí ara rẹ̀ bí ọmọge. Ní ti búláòsì kúkúrú tó fà ìjà, ọ̀nà àbáyọ wà: ṣòkòtò tí ìbàdí rẹ̀ ga kọjá ìdodo. Bí ó bá wọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ búláòsì náà, etí aṣọ méjèèjì yóò pàdé, ikùn kò ní yọ, òun náà yóò sì wọ búláòsì tí ó ń fẹ́. Àmọ́ ẹ ní kí ó na ọwọ́ sókè kí ẹ tó sanwó.

Níbo ni ẹ ó ti rà á? Ẹ kò ní láti ná owó rẹpẹtẹ. Àwọn charity shop, ìyẹn ilé ìtajà òkirikà tí àwọn àjọ aláàánú ń ṣe, pàápàá ní àdúgbò àwọn olówó, máa ń ní ṣẹ́ẹ̀tì línẹ́ẹ̀nì ojúlówó, ọmọ ọdún 16 kì í sì í tijú òkirikà mọ́. Wọ́n ń fi yangàn ni. Uniqlo, ilé ìtajà aṣọ ti àwọn ará Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ gbòòrò tí Hana Tajima, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ mùsùlùmí, yà fún wọn ní ọdún 2015, láti ìgbà náà ni àwọn ilé ìtajà ńlá mìíràn sì ti ń rí i pé owó wà nínú ọjà náà. Bí ẹ bá dé Green Street ní Newham tàbí ọjà Whitechapel, ẹ ó rí kàbà gígùn àti síkẹ́ẹ̀tì tí àwọn mùsùlùmí ń rà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kìrìsìtẹ́nì kò gbọdọ̀ rajà níbẹ̀. Àwa tí mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ ń jẹun nínú àwo kan náà nílé kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ìlú oyìnbó. Ẹ fún un ní iye owó kan pàtó, kí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ rajà, kí ẹ jọ wò ó nílé, kí èyí tí kò bá ìlànà mu padà sí ilé ìtajà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀.

Kí ẹ tún wo ilé. Àdìrẹ olówùú láti Ìtòkú ní Abẹ́òkúta, tàbí láti Òṣogbo, fúyẹ́ ju ọ̀pọ̀ àǹkárá lọ, bùbá rẹ̀ lórí jíìnsì sì jẹ́ ohun tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè rí rà ní ṣọ́ọ̀bù kankan. Bí ẹ bá fẹ́ yàn án lójú ara yín, Wentworth Street nítòsí Liverpool Street ní àwọn tó ń ta aṣọ wa. Ohun tí ẹ ó sọ fún télọ̀ ni kí ó fi àyè sílẹ̀ ní ìbàdí àti ní abẹ́ apá, kí ó má fi aṣọ inú sí i, kí ó sì ká etí rẹ̀ nípọn kí ẹ lè tú u bí ọmọ bá ga sí i. Ẹ tún un sọ, nítorí àwọn télọ̀ wa fẹ́ràn láti fún aṣọ mọ́ ọmọbìnrin lára, wọn a ní bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń mú un yọ. Ẹ fọ àdìrẹ náà lọ́tọ̀ ní ìgbà mélòó kan kí ó tó wọ̀ ọ́. Aró rẹ̀ máa ń ṣí, òógùn sì lè gbé e sára síńgílẹ́ẹ̀tì funfun.

Bí wọ́n bá ń lọ sí etí òkun ní Margate tàbí Southend, aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ alápá gígùn àti ṣòkòtò ìlúwẹ̀ẹ́ wà, àwọn tí kò fẹ́ kí oòrùn jó àwọn náà sì máa ń rà á. Èyí tó bo ara tán ni burkini tí Aheda Zanetti gbé jáde ní Ọsirélíà ní ọdún 2004. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú wọ inú omi o: ó máa ń wúwo, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara, ọ̀pọ̀ ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kò sì gbà á láyè.

Ó wá ku àbúrò, ẹni tí ẹ fi gbólóhùn kan péré sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú lẹ́tà yín, tí ẹ sì ń dúpẹ́ lórí rẹ̀. Òun gan-an ni ọkàn mi kò balẹ̀ sí. Ọmọ ọdún 13 tí kò bọ́ húùdì nínú ooru tí àwọn àgbàlagbà ń fi ìwé fẹ́ ara wọn lè má jẹ́ oníwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ tó ń yí padà ni ojú ń tì í sí. Nígbà mìíràn, kọ́mú tó bá a mu ni kò ní, ilé ìtajà ńlá bíi Marks & Spencer sì ní òṣìṣẹ́ tó ń wọ̀n ọ́n láìgba owó. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin tàbí bàbá rẹ̀ sọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó gbọ́ láti yàrá kejì, tí ó sì pinnu pé kò sí ẹni tí yóò sọ irú rẹ̀ sí òun. Ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì òwú alápá gígùn tó fẹ́lẹ́ fún un, kí ẹ gbé e sórí ibùsùn rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá yóò wọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé apá rẹ̀ tàbí itan rẹ̀ ni kò fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tó rárá, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì fi ipá bọ́ ọ. Ẹ bá a jókòó, ẹ béèrè bóyá ó ń ṣe ara rẹ̀ léṣe, kí ẹ sì gba àkókò lọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà ìdílé. Bí ó bá ṣòro fún un láti sọ ọ́ fún yín, ẹ fún un ní nọ́ńbà Childline, àwọn tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé lórí fóònù, 0800 1111, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè dúró di òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí ẹ bá ráyè lọ sọ́jà. Ti àbúrò yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ òní.

Èmi ni,
Àǹtí yín