Kí ẹ tó sanwó yàrá létí òkun ní Grand-Popo

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá tí ẹ béèrè ọ̀rọ̀ láti Iléṣà. Ẹ ní ẹ fẹ́ kó ọkọ, ọmọ mẹ́ta àti ìyá ọkọ lọ sinmi létí òkun ní Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, ẹ̀yìn Kútọnu lọ́hùn-ún, nígbà tí ilé-ìwé bá gba ọlidé ńlá. Ẹ ní ká bá yín yan òtẹ́ẹ̀lì tí òkun wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè máa lúwẹ̀ẹ́. Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń kó ẹbí gba ọ̀nà yẹn. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì dúró ná. Omi la máa kọ́kọ́ sọ.

Òkun ibẹ̀ kì í ṣe omi ìwẹ̀ ọmọdé. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí. Láti Èkó títí dé Lomé, bákan náà ni etí òkun wa rí: ẹ ò ní tíì rìn jìnnà tí ilẹ̀ á ti jìn, ìgbì ńlá ló ń fọ́ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀, tó bá sì ń padà, á máa wọ́ iyanrìn lọ. Ọmọ àbúrò mi dúró nínú omi tí kò ju orúnkún rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbì kan wá, ó padà, iyanrìn sá kúrò lábẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ, ó sì jókòó sínú omi gbì bí ẹni tí wọ́n fa ẹní lábẹ́ rẹ̀. Kí ìyá tó nawọ́, omi ti gbé e. Àwọn apẹja ń fa àwọ̀n nítòsí wa lọ́jọ́ náà, wọ́n tò sí ọ̀wọ́ méjì, wọ́n di okùn mú, wọ́n ń kọrin. Èyí tó sún mọ́ omi jù ló ju okùn sílẹ̀, ó bẹ́ wọlé, ó gbá ọmọ lápá mú. Ọlọ́run ló yọ wá. Láti ìgbà náà, a ń rìn létí òkun, a ń jókòó, àwọn ọmọ ń fi iyanrìn kọ́lé, ṣùgbọ́n inú odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí òtẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ni wọ́n ti ń wẹ̀.

Àwọn ọmọ tiwa tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìsun omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n ti ń ṣeré omi, wọn ò mọ ìwà òkun. Ifẹ̀ níbí, a ní igbó Olókun, ibi tí àwọn baba ńlá wa ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ onígíláàsì, síbẹ̀ omi òkun fúnra rẹ̀ jìnnà sí wa. Nítorí náà, ẹ kọ́ àwọn tó dàgbà pé ibi tí ìgbì ò ti fọ́, tó dà bíi pé ó parọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì, ibẹ̀ gan-an ni omi máa ń gbà padà sínú agbami. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yan ibẹ̀ láti wọlé. Bí ó bá gbé àgbàlagbà, kó má bá a jìjàkadì láti padà tààrà sí èbúté. Kó léfòó, kó máa ké, kó máa lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kó máa tọ etí òkun lọ títí agbára omi náà á fi tú u sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lọ́wọ́ òtẹ́ẹ̀lì ni pé: ṣé ẹ ní odò ìlúwẹ̀ẹ́, ṣé ó ní apá tí kò jìn fún ọmọdé, ṣé omi wà nínú rẹ̀ lónìí? Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an. Ilé kan fi àwòrán yàrá tó kọjú sí òkun ránṣẹ́ sí wa rí. Ìgbà tí a débẹ̀, ògiri ni fèrèsé wa ń wò.

Ọlidé ńlá tí ẹ mú náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Oṣù kẹfà ni òjò ń le jù létí òkun yẹn. Ní oṣù kẹjọ òjò á dín kù, ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ìgbì ń ga. Bí ẹ bá lè mú un di ẹ̀yìn Kérésì títí dé oṣù kejì, ilẹ̀ á gbẹ, òkun á rọ̀ díẹ̀, bí ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú ojú ọ̀run ṣú. Kìkì pé kí ẹ yẹra fún àyíká 10 oṣù kìíní, torí ìgbà ọdún Vodun ni, gbogbo yàrá láti Ouidah lọ ló máa ń kún.

Ní ti ìwé, ọmọ ECOWAS ni wá, a ò nílò físà fún 90 ọjọ́. Ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù ní páásípọ́ọ̀tù tirẹ̀, àtọmọdé àtàgbà, kí ẹ sì mú ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ dání. Bí bàbá wọn ò bá lè bá yín lọ, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tètè gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, torí ó di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má fetí sí ẹni tó bá ní òun á fún yín ní káàdì ní ibodè Sẹ̀mẹ̀ láìgún yín lábẹ́rẹ́. Ẹ má sì san owó yàrá tán kí ẹ tó gbọ́ ìròyìn ibodè: oṣù kẹjọ 2019 ni ìjọba wa tì í, oṣù kejìlá 2020 ni wọ́n tó ṣí i.

Ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìyá àgbà láti Iléṣà dé Grand-Popo lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà Mile 2 sí Àgbádárìgì nìkan á mú ẹ̀yìn ro ó. Ẹ sùn ní Àgbádárìgì, kí ẹ kọjá ibodè láàárọ̀. Láti Kútọnu, Grand-Popo tó nǹkan bí 80 kìlómítà, ọ̀nà náà sì dáa. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ nínú owó yín sí séfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, kí ẹ kà á lẹ́yọ lẹ́yọ níwájú ẹni tó ṣẹ́ ẹ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹnu iná wọn jẹ́ oníhò róbótó méjì, kò gba ti wa, torí náà ẹ ti ilé ra adápítọ̀ tí ẹ ó fi máa ki ṣájà fóònù yín bọ̀ ọ́.

Yorùbá á gbè yín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti ní ọjà Kútọnu, ṣùgbọ́n ní Grand-Popo, Faransé ni ẹ ó nílò. Fún ìyá, ẹ bá ọlọ́kọ̀ ojú omi dúnàádúrà lọ sí Bouche du Roy, ibi tí odò Mono ti pàdé òkun. Kí ẹ tó wọ ọkọ̀, kí olúkúlùkù ti wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, ọmọ kékeré pẹ̀lú. Bí wọn ò bá ní tó, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Kí ẹ sì béèrè yàrá ìsàlẹ̀ fún ìyá, torí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì létí òkun máa ń kún fún iyanrìn, ó sì ń yọ̀.