Kí ọyẹ́ tó dé: ààbò fún ilé tó wà létí ìgbẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìbàdàn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Ṣakí ni màmá mi wà, nínú ilé tí a kọ́ sí ìpẹ̀kun àdúgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọn kò tíì kọ́ yí i ká. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, iná ìgbẹ́ jó dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn kí àwọn aládùúgbò tó bá wa pa á. Àwọn kan ní kí n mọ ògiri gíga yí ilé ká, àwọn kan ní kí n gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá màmá ṣiṣẹ́ ní òun á kúkú sun ìgbẹ́ náà kí iná ẹlòmíì tó dé. Èwo ni kí n mú nínú rẹ̀? Màmá ti lé ní ọdún 75.

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn màmá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí àwa panápaná mọ̀ nípa iná ìgbẹ́: ilé tó ń jó, kì í sábà jẹ́ pé iná rìn láti inú koríko wá kàn án. Màjàlà àti ẹyin iná tí atẹ́gùn gbé ló ń ṣe é. Wọ́n á fò kọjá títì, wọ́n á fò kọjá ògiri, wọ́n á bọ́ sórí igi ìdáná tàbí sínú àlàfo tó wà láàárín ògiri àti páànù. Ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ibẹ̀ tó gbiná, nígbà tí gbogbo èèyàn ti sọ pé ó ti tán. Nítorí náà, owó ògiri yẹn, ẹ fi pamọ́ ná. Ara ilé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa bọ̀ síta.

Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹ gbé ìgbésẹ̀ méjì síta. Ohunkóhun tó lè jó kò gbọdọ̀ sí láàárín ibẹ̀ yíká ilé. Àwọn ìyá wa fẹ́ràn kí wọ́n máa to igi ti ògiri ilé ìdáná kí òjò má baà pa á, ibẹ̀ gan-an ni ẹyin iná sì ń bọ́ sí. Ẹ gbé igi náà jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 30, kí ẹ fi páànù àlòkù bò ó. Ṣùkù àgbàdo, táyà àtijọ́, kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀ tó wà lábẹ́ fèrèsé, gbogbo rẹ̀ ló ń kúrò.

Páànù kì í jó, ṣùgbọ́n igi abẹ́ rẹ̀ ń jó, sílìn pákó náà ń jó. Kí ẹnìkan gun àkàbà lọ wo etí òrùlé. Ibi tí ológoṣẹ́ bá ń gbà wọlé lọ kọ́ ìtẹ́, ẹyin iná á gba ibẹ̀ wọlé. Kí bíríkìlà fi símẹ́ǹtì dí àwọn àlàfo ńlá. Ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa gbà, ẹ kan nẹ́ẹ̀tì onírin tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 3 lọ mọ́ ọn. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn yóò yọ́ ni. Bí ilé ìdáná wọn bá jẹ́ oníkoríko, ibẹ̀ ni kí owó ògiri yẹn bá lọ. Páànù ni kí ẹ kàn sí i.

Láti ìgbésẹ̀ méjì yẹn dé ẹsẹ̀ bàtà 30 sí ilé, kí koríko má ga ju kókósẹ̀ lọ. Ẹ gé ẹ̀ka igi tó wà nísàlẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 6 sókè, kí ẹ sì gé imọ̀ ọ̀pẹ tó ti gbẹ. Akíntọ́lá-ta-kú ni kí ẹ ṣọ́ jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, igi tín-ín-rín rẹ̀ á gbẹ tán, á sì máa jó bí ẹni da epo sí i. Bíbẹ́ nìkan kò tó, ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Létí ìgbẹ́, ẹ ro ilẹ̀ títí ojú iyẹ̀pẹ̀ á fi hàn. Apá àríwá àti ìlà-oòrùn ni kó fẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Bí koríko bèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ga ju èèyàn lọ, ìgbésẹ̀ 10 kò pọ̀jù. Bí ilẹ̀ bá dà gẹ̀rẹ́, ẹ fi kún un ní apá ìsàlẹ̀. Iná máa ń sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ni kí ẹ ṣe é. Èyí tí ẹ bá ro ní oṣù kẹsàn-án á tún hù. Kí wọ́n kó koríko tí wọ́n bẹ́ kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì padà lọ gbá ewé kúrò lójú rẹ̀ ní oṣù kìíní.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù kì í tètè jó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kejì ní Ṣakí, bí kò bá sí ẹni tó ń bomi rin ín, tó sì ń gé ewé gbígbẹ ara rẹ̀, iná ni ẹ gbìn.

Ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba máa ń sun koríko ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kó má baà jó burúkú tó bá yá, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pọ̀, wọ́n á ti ro ààlà sílẹ̀, wọ́n á sì ti wo atẹ́gùn. Ẹnìkan ṣoṣo pẹ̀lú ìṣáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àgbàlagbà, mi ò ní fọwọ́ sí i láéláé. Bó bá ré kọjá sínú oko kajú ẹlòmíì ńkọ́? Àdá àti ọkọ́ ni kí ẹ fún un.

Ẹ wá ẹni tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ yín rí. Ẹ tún dé ọ̀dọ̀ baálẹ̀, olórí ọdẹ àti Séríkí àwọn Fúlàní. Òyà ni ọdẹ ń wá tó fi ń sun ìgbẹ́, koríko tuntun ni darandaran ń wá, oko ni àgbẹ̀ ń wá. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ní ilé màmá lọ́kàn. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa ránṣẹ́ síbẹ̀ kí wọ́n tó ṣáná.

Ní ti màmá fúnra wọn, kì í ṣe ẹni 75 ọdún ló yẹ kó máa fi ewé tútù lu iná. Bí màjàlà bá ti ń já bọ́ sí àgbàlá, kí wọ́n kúrò. Ẹ bá aládùúgbò méjì sọ ọ́ pé àwọn ni yóò wá mú wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà wọn àti 112 gàdàgbà sára ilẹ̀kùn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bí wọ́n bá ń lò ó, ìwé ilé àti owó díẹ̀, ẹ kó o sínú báágì kan lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ òwú ni kí wọ́n wọ̀, torí aṣọ ọ̀rá máa ń yọ́ mọ́ èèyàn lára. Ojú títì ni kí wọ́n gbà, kì í ṣe inú ìgbẹ́, kí ẹni tó wá mú wọn sì tú okùn ewúrẹ́. Dúrọ́ọ̀mù omi méjì àti korobá gbọ́dọ̀ máa wà níta, torí bí wọ́n bá mú iná mànàmáná lọ, ẹ̀rọ bọhóòlù kò ní fa omi.

Bí iná bá ti kọjá, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn máa yí ilé ká ní wákàtí-wákàtí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kó máa yẹ inú sílìn, ìdí igi ìdáná àti kùkùté wò. Kùkùté ọ̀pẹ lè máa jó nínú fún ọjọ́ mélòó kan láìrú èéfín púpọ̀. Kó fi ọkọ́ là á, kó da omi sí i, kó sì gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn. Bó bá ṣì gbóná, kó tún da omi sí i.