Org-roam ni àbí Denote? Ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Emacs, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà, ni mo fi ń ṣiṣẹ́, inú Org mode, apá rẹ̀ tó wà fún àkọsílẹ̀, sì ni gbogbo àkọsílẹ̀ mi wà. Àwọn kan ní kí n fi Org-roam kún un, àwọn mìíràn ní Denote ló dáa jù; ètò àfikún fún síso àkọsílẹ̀ pọ̀ mọ́ra ni méjèèjì. Èwo ni kí n mú, tí mi ò fi ní máa tún gbogbo ẹ̀ kọ lọ́jọ́ iwájú?

Ìdáhùn: Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn gan-an ni kí ẹ fi yàn. Tí ẹ bá yọ ètò náà kúrò lọ́la, kí ló máa ṣẹ́ kù nínú fódà yín?

Org mode fúnra rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ látorí òfo, àwọn méjèèjì yìí náà ò sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Carsten Dominik dá a sílẹ̀ lọ́dún 2003, orí outline-mode, ọ̀nà títo àkọlé lẹ́sẹẹsẹ tó ti wà nínú Emacs tẹ́lẹ̀, ló kọ́ ọ lé. Ibẹ̀ ni àmì ìràwọ̀ iwájú àkọlé ti wá.

Org-roam, tí Jethro Kuan gbé jáde ní 2020, ń lo database SQLite (fáìlì kan tó ń to ìsọfúnni jọ), ìyẹn sì máa ń dẹ́rù ba èèyàn. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Inú fáìlì yín ni ọ̀rọ̀ yín wà. Atọ́ka lásán ni database náà. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ pe àṣẹ `org-roam-db-sync`, á tún un kọ. Láti ẹ̀dà kejì Org-roam, líǹkì `id:`, tó ń fi àmì ìdánimọ̀ tọ́ka sí àkọsílẹ̀, ló ń lò, ti Org fúnra rẹ̀ sì ni.

Denote ti Protesilaos Stavrou, tó jáde ní 2022, kò ní database rárá. Orúkọ fáìlì ló ń gbé gbogbo rẹ̀:

`20240312T091500--owo-onibara__ise_isuna.org`

Àkókò ló ṣáájú, àkọlé tẹ̀ lé e, kókó ọ̀rọ̀ wá kẹ́yìn. (Èmi kì í fi àmì ohùn sí i, kí wíwá a má baà nira.) Dired, tí Emacs fi ń to fáìlì, lè ṣa irú fáìlì bẹ́ẹ̀ jọ, grep, àṣẹ tó ń wá ọ̀rọ̀, náà lè rí i, kódà lóde Emacs. Xref, irinṣẹ́ Emacs tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń wá ibi tí a ti lo orúkọ kan, ni Denote fi ń fi àwọn fáìlì tó tọ́ka sí èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀ hàn yín. Tí ẹ bá sì ti ní Vertico àti Orderless, àwọn ètò àfikún tó ń mú kí yíyan nǹkan nínú Emacs rọrùn, àwọn méjèèjì á bá a ṣiṣẹ́ láìsí àtúntò kankan. Àléébù Denote kan wà: òun nìkan ló mọ líǹkì `denote:`. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà inú líǹkì náà wà nínú orúkọ fáìlì, ẹ ṣì lè wá a rí.

Tó bá jẹ́ pé àkọlé inú fáìlì ńlá kan náà lẹ fẹ́ máa so pọ̀ mọ́ra, ẹ mú Org-roam. Tí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ní fáìlì tirẹ̀, tàbí tí ẹ tún ń kọ Markdown (ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn tó ń fi àmì rírọrùn ṣètò ọ̀rọ̀), Denote ni mo fara mọ́. Ẹ má yí àwọn fáìlì àtijọ́ padà. Ẹ fi àwọn tuntun bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ fi `emacs -Q` ṣí fódà náà, láìsí ètò àfikún kankan, kí ẹ wá àkọsílẹ̀ kan tí ẹ nílò lóòótọ́. Bí ẹ ò bá rí i, ètò tí ẹ mú ti di ohun yín mọ́wọ́ ju bó ṣe yẹ lọ.