Ṣé ohun tó wúwo máa ń yára já bọ́ ju ohun tó fúyẹ́ lọ?

Rárá, níbi tí kò bá ti sí afẹ́fẹ́, méjèèjì jọ máa ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Afẹ́fẹ́ ló ń dá ìyẹ́ ẹyẹ dúró láyé níbí. Ní 1971, David Scott, arìnrìn-àjò òfurufú ará Amẹ́ríkà, dúró lórí òṣùpá níbi tí kò sí afẹ́fẹ́, ó mú òòlù lọ́wọ́ ọ̀tún, ìyẹ́ àṣá lọ́wọ́ òsì, ó sì jọ̀wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n jọ kan ilẹ̀. Ó dùn ún wò gan-an, àmọ́ ojú lásán kò lè rí ìyàtọ̀ tó bá kéré jọjọ.

Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Faransé fi rán sátẹ́láìtì MICROSCOPE lọ sí òfurufú ní 2016. Nínú rẹ̀, wọ́n fi irin platinum àti titanium wéra bí wọ́n ṣe ń yí ayé po, tí méjèèjì ń já bọ́ láìdúró. Èsì tó jáde ní 2022 fi hàn pé bí ìyàtọ̀ kankan bá tilẹ̀ wà, kò ju ìdá mélòó kan péré lọ nínú 1,000,000,000,000,000. Lórí ilẹ̀, Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà so irin beryllium àti titanium rọ̀ sórí okùn tín-ín-rín láti wò ó bóyá ọ̀kan á fà ju èkejì lọ. Wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan.